Ọ̀nà Tí Kò Mọ Àbọ̀

Ẹ fi àdá sílẹ̀, ẹ wá jókòó. Ẹ̀yin ará Ìsun, ẹ sún sí apá ibí. Ẹ̀yin ará Òkìtì-Ọlà, òkúta wà lọ́hùn-ún, kò ní í bu yín jẹ. Oòrùn ti mú, ìdajì ọ̀nà la sì ti ro dé yìí, ó yẹ kí èèyàn sinmi. Láníhun nìkan ni mo fẹ́ kó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, torí òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ju àdá mọ́lẹ̀, tó ní, "Kí ló kan èmi oníṣòwò ìlú ńlá nínú ríro ọ̀nà oko? Ẹni tó ń gbé oko ni kó ro ọ̀nà oko!" Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Orí mi ló hu funfun, etí mi kò di. Bàtà rẹ ń dán, aṣọ rẹ mọ́, mo kí ọ kú ọlà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú igbó bá gbọ́ ọ lónìí, inú rẹ̀ á dùn gan-an.

Ẹ̀ ń bi mí pé ta ni ẹni náà? Ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú kì í gbọ́ ìtàn ọdẹ.

Èmi ni Ọdẹ́tóyìnbó. Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, kó lọ bi ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n tó bá ní òun kò mọ̀ mí, ẹfọ̀n tí n kò tíì bá pàdé ni. Mo ti bá iwin jẹun nínú àwo kan náà, tí mo sì jẹ ẹran tirẹ̀ mọ́ tèmi. Mo ti bá ebora ja ìjàkadì títí tó fi bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun lọ tọ̀. Ìwọ obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, o rò pé irọ́ ni? Bí mo bá ń purọ́, kí ẹfọ̀n wá sọ tirẹ̀.

Ó dára. Nígbà tí eyín ṣì pé lẹ́nu mi, kò sí ọ̀nà láàárín Ìsun àti Òkìtì-Ọlà. Àwa wà lókè, níbi tí odò Àwẹ̀yè ti ń sun jáde láti inú àpáta. Ẹ̀yin wà nísàlẹ̀, níbi tó ti fẹ̀. Ẹ ní ilé ìwòsàn, ẹ ní ọjà ńlá. Àwa ní iṣu, epo, igi àti omi. Àwọn àgbà ibi méjèèjì fẹnu kò pé kí a la ọ̀nà, kí a ri páìpù omi sábẹ́ rẹ̀, kí a fa wáyà iná gba orí rẹ̀, kí ohun tó wà lọ́dọ̀ àwọn kan lè dé ọ̀dọ̀ àwọn kejì. Wọ́n ní tí ó bá yá, páìpù á yà sí Ìsun, wáyà náà á yà. A là á, gbogbo wa la là á. Ọwọ́ oko àti ọwọ́ ìlú ló bẹ́ igi tó wà níbi tí ẹ jókòó sí yìí.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i, wọ́n ta màrìwò dí ẹnu rẹ̀, wọ́n pa màlúù, wọ́n sì se ìrẹsì tí ata rẹ̀ ń pe èèyàn láti òkèèrè. Olóyè Ọláṣebíkan, tí í ṣe àgbà Òkìtì-Ọlà nígbà náà, dìde láti ṣàdúrà. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣàdúrà ọ̀nà nílẹ̀ yìí. A kì í pè é ní apá kan. Tí a bá pe àlọ, a ó pe àbọ̀ tẹ̀ lé e, ìgbà náà la ó tó ṣe àṣẹ. Ọmọ tó ń rá kòrò mọ̀ ọ́n. Olóyè na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ọ̀nà yìí, àlọ ire ni a ó máa lọ lórí rẹ o!" Ó wá dúró kó mí. Mímí yẹn ló kó bá wa. Ẹnì kan rí i pé wọ́n ti ṣí ìdérí ìkòkò, ó ké "Àṣẹ!" Gbogbo èrò ké "Àṣẹ!" tẹ̀ lé e, oko àti ìlú, wọ́n sì ya lọ sídìí ìrẹsì. Olóyè fúnra rẹ̀ gbé ọwọ́ sílẹ̀, ó ń béèrè ibi tí itan màlúù wà. Kò sẹ́ni tó padà wá pe àbọ̀.

N kò sí níbẹ̀ o. Mo wà nínú igbó, mò ń tọpa ìmàdò. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, ṣé ìrẹsì ni mo máa wò? Ẹ má dáhùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àṣẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọ̀nà gba ohun tí a pè, kò gba ohun tí a kò pè. Láti ọjọ́ náà, àlọ nìkan ló mọ̀. Iṣu wa lọ, epo wa lọ, ọmọlanke tó kó wọn kò bọ̀, iyọ̀ tí a ní kí wọ́n rà bọ̀ kò dé. Omi wa gba inú páìpù lọ, àwọn obìnrin wa wá ń bu omi nínú kòtò tí màlúù ń tẹ̀. Iná gba orí òrùlé wa kọjá, ó ń kùn bí oyin, kò sì yà. Ẹni tó máa wá yà á fún wa kò rí ọ̀nà dé. Ẹni tó bá gbéra láti Òkìtì-Ọlà pé òun ń bọ̀ ní Ìsun á rìn, á rìn, yóò sì tún bá ara rẹ̀ lẹ́nu bodè Òkìtì-Ọlà. Àwọn ọmọ wa tó lọ kọ́ṣẹ́ kò bọ̀, kì í sì í ṣe pé wọ́n gbàgbé ilé. Àbẹ̀bí, ọmọ ìyá arúgbó tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé mi, lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ìyá rẹ̀ gbá iwájú ilé dè é títí, Àbẹ̀bí kò dé.

Ọkùnrin ahunṣọ kan wà ní Ìsun pẹ̀lú. N kò ní í dárúkọ rẹ̀ báyìí, ẹ ṣáà fi sọ́kàn. Oyún ìyàwó rẹ̀ le, wọ́n gbé e gba ọ̀nà lọ sílé ìwòsàn. Ìyàwó kò bọ̀. Oyún kò bọ̀. Àwọn tó gbé e lọ kò bọ̀. A kò mọ̀ bóyá wọ́n wà láyé. Ahunṣọ náà fi òfì sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, tó ń wo ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti yọ.

Ó wá kan èmi náà. Ìbídùn ni ọmọ tí aya mi fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú. Ìbídùn lóyún, oyún náà sì dàgbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń ṣú. Àwọn ìyá àgbà wò ó, wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní ohun tó ṣe aya ahunṣọ nìyẹn, pé ọwọ́ àwọn kò ká a. Ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mo ń fi ìrù ẹkùn nu ẹnu, ẹ̀rù bà mí dé egungun. Mo ní kí n gbé e lọ sí ìlú. Ọmọ náà ní, "Bàbá, n kò lọ ibi tí n kò ti ní í bọ̀. Tí ẹ bá sì máa wá ọ̀nà, ẹ má wá èyí tó jẹ́ pé èmi nìkan ló máa gbà á kọjá. Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi?" Ẹ ò rí i pé ó jọ mí?

Mo gbé ìbọn ṣakabùlà mi kọ́ èjìká. Mo sọ fún wọn ní Ìsun pé, "Ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ ìró ìbọn yìí láti apá ìlú, ẹ gbé Ìbídùn, ẹ mú àdá, kí ẹ máa la igbó bọ̀ wá síbi tí ìró náà ti dún." N kò gba ojú ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rìn lórí ọ̀nà kò mọ̀ pé ọ̀nà ní ẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ lẹ̀ ń tẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ wà nínú igbó kan tí à ń pè ní Igbó Ẹ̀yìn-Ọ̀nà, ibẹ̀ ni mo forí lé.

Nínú igbó náà, gbogbo igi ló tẹ̀ sí apá kan. Afẹ́fẹ́ ń lọ, kì í padà. Òjìji mi bọ́ síwájú, ó sì kọ̀ láti dúró dè mí. Mo ké, "Hòóò!" gbohùngbohùn kò dá mi lóhùn. Mo yìnbọn sókè, ìró rẹ̀ lọ, kò bọ̀. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Kí n yìnbọn kí igbó má dáhùn? Irú ìwọ̀sí wo nìyẹn?

Bí mo ṣe ń bínú lọ ni iwin kan yọ sí mi, ẹlẹ́sẹ̀ kan, ẹlẹ́nu méjì, tó gbé kùmọ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Àlọ́ o!"

Mo ní, "Àlọ̀!"

Ó ní, "Kí ló ń lọ sóko, tó ń lọ sílé, tí kò sì kúrò lójú kan? Tí o kò bá mọ̀ ọ́n, orí rẹ ni màá fi jẹ ẹ̀kọ."

Mo ní, "Ìwọ iwin yìí, ọmọ ọwọ́ lo ń pa irú àlọ́ yẹn fún. Ọ̀nà ni."

Ó fi ẹnu méjèèjì rẹ́rìn-ín. "O kùnà! Ṣé tiyín ń lọ sóko? Ìlú nìkan ni tiyín ń lọ!" Ó gbé kùmọ̀ sókè.

Mo ní, "Dúró ná! Tí tiwa kò bá lọ sí ibi méjì, a jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀nà lásán lẹ ṣe fún wa. Èyí tí nǹkan ń gbà wọlé tí kì í gbà padà, ọ̀nà ọ̀fun ló ń jẹ́. Àwọn baba wa sì ti wí i pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ìwọ tó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ̀fun, kí ni ẹ́? Ṣé kì í ṣe òkèlè?"

Ẹnu rẹ̀ kan ní, "Èmi kì í ṣe òkèlè!" Èkejì ní, "Dúró, jẹ́ ká wò ó." Ó yíjú wẹ̀yìn bóyá nǹkan ti ń bọ̀ wá gbé òun mì. Àárín ibi tí àwọn ẹnu méjèèjì ti ń bá ara wọn jiyàn ni mo gbà kọjá.

Mo rìn títí mo fi dé ìlú kan tí mo gbọ́ igbe láti ọ̀nà jíjìn. Ìlú àwọn Olórí-Kàǹkà ni. Orí wọn tó ahéré, ẹsẹ̀ wọn sì tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀. Gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, orí ló ń gbà á, kò sí èyí tó ń dé ìsàlẹ̀, wọ́n wá dùbúlẹ̀ gbalaja, eṣinṣin ń bò wọ́n. Ọba wọn ní, "Ọdẹ, ara wa kò yá. A ti fi oògùn pa orí, a ti fi aṣọ sányán wé orí, orí kò sàn."

Mo bẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Egbò ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Mo ní, "Kábíyèsí, ẹsẹ̀ yín ń rà."

Ó ní, "Ẹsẹ̀ wo? Ohun tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún yẹn? Kò kàn wá."

Láníhun, ṣé o gbọ́ ohun tí ọba náà sọ? Ó dà bí ẹni pé mo ti gbọ́ irú ẹ̀ níbì kan lónìí.

Mo ní, "Ó ti kàn yín. Oró rẹ̀ ló gòkè tó ń dùn yín lórí yẹn." Inú bí ọba, ó ní kí wọ́n mú mi, kí wọ́n bẹ́ orí mi, torí mo fi orí àwọn ọlọ́lá wé ẹsẹ̀. N kò sá. Mo kó apá lé àyà, mo ní, "Ẹni tó bá lè dìde nínú yín, kó wá mú mi." Wọ́n gbìyànjú títí, kò sẹ́ni tó lè dìde. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín tán, àánú wọn ṣe mí. Mo bu omi nínú akèrègbè mi, mo fọ egbò ẹsẹ̀ ìyá arúgbó kan tó wà nítòsí, mo fi ewé dì í, mo sì fi ìdajì iṣu tó fẹ́ jẹ bọ́ ẹsẹ̀ náà. Ẹ má bi mí bí ẹsẹ̀ ṣe ń jẹ iṣu, n kò sọ pé ayé yìí ni mo wà. Ìyá náà dìde, ó dúró, ó bú sẹ́kún. Ìgbà náà ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹsẹ̀ wọn kiri. Ìyá náà na ìka sí ọ̀nà tí mo máa gbà, ó ní, "Aláìnípàkọ́ lo ń lọ bá. Ó máa fún ọ ní nǹkan kékeré. Má gbà á."

Mo rìn dé àárín igbó náà. Aláìnípàkọ́, ẹni tí mo ní inú rẹ̀ á dùn sí ọ̀rọ̀ Láníhun, ni ọba ibẹ̀. Ojú rẹ̀ tóbi, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò ní ìpàkọ́. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí pákó, nítorí náà kò lè bojú wẹ̀yìn. Ó gbé akèrègbè kan lé ẹsẹ̀, ohùn Olóyè Ọláṣebíkan wà nínú rẹ̀, ó ń wí ṣáá pé, "Àlọ ire... àlọ ire..." Òkìtì ńlá kan ló fi ṣe ìtẹ́, mo sì mọ ohun tó wà nínú òkìtì náà. Gbogbo àbọ̀ tí kò ṣẹlẹ̀ ni. Oògùn tí àwọn ará ìlú fi ránṣẹ́ sí wa tí kò dé wà níbẹ̀, iyọ̀ wa wà níbẹ̀, gbogbo "Ẹ kú àbọ̀" tí à bá kí àwọn ọmọ wa sì wà níbẹ̀, wọ́n ń kùn lábẹ́ ìdí rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ìyá Àbẹ̀bí láàárín wọn. Ó dùn mí.

Ó ní, "Kí lo wá gbà?"

Mo ní, "Àbọ̀."

"Àbọ̀ ta ni?"

"Àbọ̀ gbogbo wa."

Ó rẹ́rìn-ín. "N kò jí i. Ẹ̀yin lẹ fi ẹnu ara yín dè é."

Mo ní, "O sì mọ̀ pé kò pé nígbà tí o gbà á."

Ó ní, "Ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ fún, ṣé ó ń béèrè bóyá ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ń gbé e lọ?" Ó wá rọ ohùn rẹ̀. Ó fa okùn kan jáde, okùn tín-ín-rín tó ń tàn. "Mo rí ọmọ rẹ. Ojú rẹ̀ ti ṣú tán. Gba okùn yìí, ta á láti ilé rẹ dé ilé ìwòsàn. Yóò gba orí rẹ̀ lọ, yóò bímọ, yóò bọ̀, kí okùn tó já. Òun nìkan. Ṣé kì í ṣe ọmọ rẹ lo torí ẹ̀ wá ni?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín. Ọwọ́ mi ti kan okùn náà. Ìbídùn ni gbogbo ohun tí mo ní láyé, mo sì rí i níwájú mi pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Ta ló máa bú mi tí mo bá gbà á? Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ, mo rántí ahunṣọ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo ronú pé tí ọmọ mi bá gbé ọmọ rẹ̀ bọ̀, ẹ̀gbẹ́ ahunṣọ yẹn ló máa gbà kọjá. Kí ni yóò kí i?

Mo ju okùn náà padà sí i lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ fi so ṣòkòtò yín. Ṣé ẹ rò pé mo wá tọrọ ni? Ohun tí ọwọ́ gbogbo wa là, gbogbo wa ni yóò gbà á."

Inú bí i, ilẹ̀ mì. Mo na ìbọn sí akèrègbè rẹ̀. Ó bú ramúramù, ó ní, "Yìn ín! Òmùgọ̀ ọdẹ, ìbọn kì í parí àdúrà! Ẹnu tó gé e kù náà ló lè parí rẹ̀, ẹnu oko àti ẹnu ìlú, lójú kan náà. Báwo ni wọ́n ṣe máa pàdé nígbà tí àwọn ará ìlú kò lè rìn ín bọ̀? Àfi tí wọn kò bá rìn ín, àfi tí wọ́n bá ń là á ní àtúnlà, torí ẹni tó ń la ọ̀nà kò tíì sí lórí ọ̀nà, agbára mi kò sì ká a. Àwọn ará ìlú yín á sì gbé àdá? Họ̀wù!"

Mo tẹ ìbọn wálẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun gan-an, Kábíyèsí."

"Kí lo ń dúpẹ́ fún?"

"Ẹni tí kò ní ìpàkọ́ kì í rí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀." Mo gba ẹ̀yìn rẹ̀ bọ́ síta, ó ń pariwo, kò lè yí padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an sì ni bodè Òkìtì-Ọlà wà.

Mo bá ìlú yín nínú ìgbẹ́ gbuuru àti èébì. Onígbá-méjì ló ń ṣe wọ́n, ilé ìwòsàn kún dé ìta. Obìnrin kan dúró lẹ́nu bodè, bàtà rẹ̀ ti jẹ tán, ó gbé àpótí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó ń múra láti gbéra. Àbẹ̀bí ni. Ó dọ̀bálẹ̀... ẹ má bínú, ó kúnlẹ̀, orí ti dàrú. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn, Bàbá Ìbídùn. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀ ni mo ń gbìyànjú láti wá. Ibí náà ni mo ń padà já sí. Ṣé ìyá mi wà?"

Mo ní, "Ó wà. Ó ṣì ń gbálẹ̀ dè ọ́. Ṣùgbọ́n Ìbídùn ń kú lọ."

Mo sọ ohun tó já lẹ́nu Aláìnípàkọ́ fún un, a jọ lọ bá Olóyè Ọláṣebíkan, tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́ láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ, ta ló fi nǹkan sínú omi wa?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan sí i. Ọ̀dọ̀ wa ni omi yín ti ń sun. Ẹ kò jẹ́ kí omi mímọ́ yà sọ́dọ̀ wa, a bu tinú kòtò, a ṣàìsàn. Oníṣègùn kò dé, ẹni tó máa kọ́ wa ní ṣáláńgá gbígbẹ́ kò dé, òjò wá gbá ìgbẹ́ wa wọ orísun. Ẹ ní kí ohun gbogbo máa ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Ó lọ. Kí lẹ wá ń sunkún sí?"

Ọkùnrin kan tó wọ agbádá ní, "Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ oko?" Kí n tó fún un lésì, Àbẹ̀bí ti bọ́ síwájú. Ó yọ abẹ tó fi ń gé ìwọ́ ọmọ. Ó ní, "Abẹ yìí ló gé ìwọ́ ọmọ yín, Alágbádá, òun náà ni màá fi la ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ẹni tó bá ní àdá tó jù ú lọ, tí ojú kò sì tì í, kó jókòó." Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi abẹ gé koríko ní ẹnu bodè. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tẹ̀ lé e. Àwọn ọkùnrin wo ara wọn, wọ́n lọ mú àdá. Mo yìnbọn sókè.

Ìsun gbọ́. Ìbọn tí n kò gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wọ igbó, àwọn èèyàn mi gbọ́ ọ. Wọ́n gbé Ìbídùn sórí ibùsùn oparun, wọ́n ń la igbó bọ̀, àwa náà ń la tiwa lọ. A ń gbọ́ ìró àdá ara wa. Nígbà tó yá, a rí ojú ara wa, ó ku igbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín wa. Ibi tí ẹ jókòó sí yìí ni. Ara Ìbídùn ti ń gbọ̀n, ó ti ń rọbí. Àbẹ̀bí fò sínú igbó náà láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, igbó gbé e padà sẹ́yìn wa. Ó tún fò, ó tún gbé e padà.

Mo kígbe, "Olóyè, ẹ parí àdúrà yín!"

Bàbá arúgbó náà na ọwọ́ méjèèjì. "Ọ̀nà yìí, àlọ ire ni a ó máa lọ lórí rẹ o..." Ó ní láti mí. Ìbídùn sì ké ní àkókò náà gan-an, igbe tó jẹ́ pé gbogbo ẹnu ló fẹ́ dá a lóhùn, ọkàn gbogbo ènìyàn ti wà lẹ́nu. Mo gbé ìbọn sókè, mo ní, "Ẹni tó bá ṣe àṣẹ láìtíì pé, èmi àti ẹ̀ ni!" Àwọn mìíràn fi ọwọ́ bo ẹnu, àwọn mìíràn gé ètè jẹ. Ọmọ mi ń ké, mo sì ń pa àwọn tó ń ṣàánú rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ẹ kò mọ bó ṣe rí lára mi.

Olóyè mí tán. Ó ní, "Àbọ̀ ire ni a ó máa bọ̀ lórí rẹ o!"

"Àṣẹ!" Oko ṣe é, ìlú ṣe é. Igbó tẹ́ẹ́rẹ́ náà tẹ́ sílẹ̀. Ohun kan fọ́ nínú Igbó Ẹ̀yìn-Ọ̀nà bí ìgbà tí akèrègbè bá jábọ́, ìró ìbọn mi tó ti lọ láti ìgbà yẹn sì padà wá dáhùn lórí òkè: gbòòò! Àbẹ̀bí ti dé ọ̀dọ̀ Ìbídùn kí ìró náà tó tán. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó kúnlẹ̀ tì í, a fi aṣọ yí wọn ká. Ìgbà tí mo gbọ́ igbe ọmọ, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí aláìníyàá. Abíọ́nà la sọ ọmọ náà. Òun ló ń bọ̀ lọ́hùn-ún yẹn tó ru omi wá fún yín, òun náà ló ń gbẹ̀bí nílé tí a kọ́ sí ìdajì ọ̀nà yìí, tí kò jẹ́ ti oko, tí kò jẹ́ ti ìlú. Ìyá rẹ̀ ń bẹ láyé, ó ń ta epo lọ́jà yín.

A mú páìpù yà sí Ìsun, iná yà, a gbẹ́ ṣáláńgá, a sọgbà yí orísun ká, àìsàn sì kúrò nílùú yín. Ṣùgbọ́n Aláìnípàkọ́ kò kú. Ọdún kan wà tí àwọn ará ìlú ní òjò ti pọ̀ jù, wọn kò wá ro apá tiwọn. Kò pẹ́ tí Àbẹ̀bí fi gbéra láti lọ sí Ìsun, tó tún bá ara rẹ̀ lẹ́nu bodè. Ìdí nìyẹn tí a fi ń là á ní àtúnlà lọ́dọọdún, láti ìkangun méjèèjì, títí a ó fi pàdé níbí.

Láníhun, jókòó wàyí. Ẹsẹ̀ á ti máa ro ọ́. Ahunṣọ tí n kò dárúkọ nínú ìtàn mi, Láwọyin ni. Ojú rẹ yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá rẹ, tó kú kí o tó gbọ́n, kí ìyá rẹ tó mú ọ padà sí ìlú lọ ṣòwò. Nígbà tí igbó tẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, obìnrin kan jáde láàárín àwọn ará Òkìtì-Ọlà, ó pọn ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ ìrìn. Láwọyin sáré bọ́ síwájú. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́, ìyá rẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, o sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ bá a. O jẹ́ ọmọdé àkọ́kọ́ tó rìn ín bọ̀. Ibi tí o ju àdá sí yẹn ló kúnlẹ̀ sí.

Má sọ nǹkan kan. Mú àdá rẹ, nu ojú rẹ.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ dìde, igbó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín wa yìí ló kù. Abíọ́nà, gbé omi yẹn sílẹ̀ kí n ṣàdúrà ná. Mo sì rí ẹni tó ń wo abọ́ àkàrà o! Kí gbogbo ẹnu pa dé.

Ọ̀nà yìí, àlọ ire ni a ó máa lọ lórí rẹ o.

Ẹ dákẹ́. Mò ń mí.

Àbọ̀ ire ni a ó máa bọ̀ lórí rẹ o.

Láníhun, à ń dúró dè ọ́.